A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ: Ọ̀RỌ̀ PÍLÁNÌ ÌLÚ ÀTI OKO ETÍLÉ WA

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí ni ọ̀rọ̀ tó fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ nípàdé wa tó kọjá. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ti gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ìsọ̀ aláta títí dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja. Káńsù lẹ pílánì kan mọ́ ara ògiri, wọ́n ní bí ìlú wa yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ohun tí yóò sọ sí i, kó kọ ọ́ wá kí oṣù tó parí. Àwọn kan nínú wa ní ká má dá wọn lóhùn, pé ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé ni. Àwa ní kò rí bẹ́ẹ̀. A lọ wo pílánì náà, a bi àwọn tó mọ̀, a wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bó ṣe yé wa. Ìwé mẹ́fà péré ni àwa tí a ń kọ èyí kà, nítorí náà a ò ní fi òyìnbó dà yín láàmú.

KÍ NI PÍLÁNÌ?

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn baba wa ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé. Ààfin wà láàárín ìlú, ọjà ọba wà níwájú ààfin, agbo ilé yí wọn ká. Lẹ́yìn ilé ni oko etílé, níbi tí à ń gbin ẹ̀fọ́, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí arúgbó lè rìn lọ kó sì padà kí oòrùn tó mú. Oko ẹgàn ló jìnnà, níbi tí obì wà, tí àwọn ọkùnrin ń sùn ní abà. Igbó tí a kì í wọ̀ wà, etídò tí a kì í kọ́lé sí wà. Pèrègún ni a fi pa ààlà. Pílánì ni gbogbo èyí. Orí làwọn baba wa kọ tiwọn sí, àwọn ti ìsinsìnyí kọ tiwọn sórí bébà.

Ohun tí pílánì ń ṣe ò ju kó sọ pé ibí ni ilé gbígbé, ibí ni ọjà, ibí ni oko, ibí ni ibi iṣẹ́ tó ń rú èéfín. Èyí tí káńsù lẹ̀ yìí, àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi kun ilé gbígbé, àwọ̀ aró ni ọjà, àwọ̀ ewé ni oko. Nǹkan mẹ́rin ló kàn wá nínú rẹ̀. Ìkíní, wọ́n ti fi àwọ̀ ìyeyè kun gbogbo oko etílé apá ojú títì. Ìkejì, wọ́n gbé ọjà kúrò níbi tó wà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì tuntun lẹ́yìn ìlú. Ìkẹta, wọ́n ní kí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ àti ibi tí a ti ń dín gàrí kúrò láàárín ilé. Ìkẹrin, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ nǹkan kan sí etí odò.

OHUN TÍ A SỌ NÍPÀDÉ

Ìyá aláṣọ kan dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ di pulọ́ọ̀tì. Àwọn tó bá kọ́lé síbẹ̀ á ra aṣọ, wọ́n á ra ata. Ìlú tí ò dàgbà, ọjà rẹ̀ ò lè dàgbà." Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà.

Ìyá onígàrí kan dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú, ká tó ṣẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta ó ti ń bàjẹ́. Ọmọlanke ni mo fi ń gbé tèmi wálé láti oko etílé. Bí ibẹ̀ bá di ilé, ọkọ̀ ni mo máa wọ̀ lọ sí ẹgàn. Orí gàrí ni owó ọkọ̀ náà máa gùn. Ìwọ aláṣọ tí o fẹ́ àlejò, ṣé o ò ní jẹ ẹ̀bà ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ló sọ èyí tó mú wa dákẹ́. Ó ní, "Ilẹ̀ apá ìsàlẹ̀ tí wọ́n tà lọ́jọ́sí, ta ni nínú yín ló gbà nínú owó rẹ̀? Àwọn ọkùnrin ló pín in. Àwa tí a fi ọdún mọ́kànlá dáko síbẹ̀, wọ́n ní ká wá wú ẹ̀gẹ́ wa kí katakata tó dé."

Ẹ̀yin ìyá wa, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ nínú wa ló ń dáko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa. Bí àwọ̀ bá yí padà lórí bébà, àwa lá kọ́kọ́ jáde.

KÍ NI ÒFIN WÍ?

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe lóṣù kẹta ọdún 1978 ló ṣì ń darí wa dòní. Ó ní gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo aráàlú. Ilẹ̀ tó bá wà ní ìlú ńlá, abẹ́ gómìnà ló wà. Ilẹ̀ ìgbèríko bíi tiwa, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà, káńsù sì lè fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dáko tàbí kó kọ́lé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà lè kéde pé ibì kan ti di ìlú ńlá. Ọjọ́ tó bá kéde rẹ̀, àṣẹ orí ilẹ̀ ibẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ káńsù nìyẹn.

Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo èèyàn, bíi títì, ó yẹ kó san owó gbà-má-bínú. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o. Òfin náà ò ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ra ilẹ̀ lọ́jà. Owó ilẹ̀ tí èèyàn bá san fún ìjọba lọ́dún náà ni wọ́n á dá padà, bó bá san án. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀: ilé, igi kòkó, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́. Bó bá jẹ́ pé àpapọ̀ ìlú ló ni ilẹ̀, gómìnà lè ní kí wọ́n kó owó náà fún olórí ìlú, kó lò ó fún ire gbogbo ìlú. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí ohun tó gbìn, kí ló máa fi gba tiẹ̀?

Òmíràn tún nìyí, òun ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Kí wọ́n kun oko yín ní àwọ̀ ìyeyè kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti gbà á. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà kí ilé wà níbẹ̀. Bí onílẹ̀ bá wá tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ìjọba ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò ní san gbà-má-bínú kankan. Àárín ìwọ àti onílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ní ti pílánì fúnra rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan ní ọdún 1992 tó ní kí ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ètò ìlú wà títí dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ́lé sì kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìlú. Nítorí náà, bí ẹ bá dé káńsù, òfin ìpínlẹ̀ wa ni kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

ÀṢÌṢE TIWA

Ẹ má rò pé ẹlòmíràn nìkan là ń bá wí. Àwa náà ti jìyà àìmọ̀. A kan ìsọ̀ onípáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà kan, àwa mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ni à ń já tíkẹ́ẹ̀tì owó ọjà, a sì tò wọ́n jọ sínú agolo. Nígbà tí wọ́n wá wó o, a gbé agolo dé ọ́fíìsì, a da tíkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò wá, ó ní, "Ìyá, owó ìpàtẹ lẹ san, ẹ ò gba àṣẹ ìsọ̀." Ọjọ́ náà la mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Páànù wa kò padà wá.

Kò sì yẹ ká sọ pé pílánì burú. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ rántí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ẹ tún rántí omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011 ní Ìbàdàn kan náà. Èèyàn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé wà létí odò, ìdọ̀tí dí ojú omi. Èyí tí wọ́n sọ nípa etí odò wa, òótọ́ ni wọ́n sọ.

IBI TÍ A FẸNU KÒ SÍ

Lẹ́yìn gbogbo ariwo, ohùn wa ṣọ̀kan. Ìyálọ́jà ní ká kọ ọ́ ránṣẹ́ sí káńsù báyìí:

1. Kí apá àkùrọ̀ nínú oko etílé máa jẹ́ oko lọ. Apá yangí tí ẹ̀gẹ́ ò ti ta dáadáa, kí ilé lọ síbẹ̀. Aláṣọ á rí oníbàárà, onígàrí á rí ẹ̀gẹ́.

2. Kí ọjà dúró síbi tó wà. Bó bá di dandan kó kúrò, kí omi, ilé ìgbẹ́ àti ìsọ̀ wà ńlẹ̀ ná, kí orúkọ àwa tí a wà lọ́jà báyìí sì ṣíwájú.

3. A gbà láti gbé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kúrò láàárín ilé, bí kànga àti ọ̀nà ọkọ̀ bá ti débẹ̀.

4. A gbà lórí etí odò. Àwa náà ò ní da ìdọ̀tí síbẹ̀ mọ́.

Ní ti ẹnìkọ̀ọ̀kan wa: ẹ mú ọmọ tó mọ̀wé dání, ẹ lọ wo ibi tí oko yín bọ́ sí nínú pílánì náà. Ẹ ka igi yín, ẹ ya fọ́tò oko, ẹ kọ ọdún tí ẹ gbìn ín sílẹ̀. Àdéhùn yín pẹ̀lú onílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lórí ìwé, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Bí ẹ bá ra ilẹ̀, orúkọ yín ni kó wà lórí rìsíìtì, kì í ṣe ti ọkọ tàbí ti àbúrò nìkan. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí wọn ò kà sí yín létí.

Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la máa gbé ìwé náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó wá sí ìsọ̀ Ìyálọ́jà láàárọ̀, kí ọjà tó kún. Orí ló jẹ́ tiwa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá a lẹ́yìn wa.

Ọjà á tà o. Ire o.