Ikú Ìwọ́wé: Bí Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀dá Oníkarahun Ṣe Ń Kojú Ooru

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, igi oṣè a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi náà kò kú. Ewé ni ó sọ nù kí omi ara rẹ̀ má baà tán. Ìgbín pẹ̀lú a wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ, a sì fi omi yíyọ̀ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà títí òjò yóò fi dé. Nínú sẹ́ẹ̀lì, irú ètò méjèèjì wà: ìdáàbòbò àti ìsọnù.

Ní ọdún 1972, Kerr, Wyllie àti Currie fún irú ikú sẹ́ẹ̀lì kan ní orúkọ Gíríìkì, apoptosis, èyí tí ó tọ́ka sí jíjábọ́ ewé lára igi. Oríkì rẹ̀ ni ikú tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ṣètò fún àǹfààní gbogbo ara. Sẹ́ẹ̀lì tí iná jó pa a máa wú, a sì bẹ́, ohun inú rẹ̀ a sì ṣèpalára fún àwọn tí ó yí i ká. Èyí tí ó kú ikú ìwọ́wé a máa súnkì, a pín sí ìdì kéékèèké, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn a sì gbé e mì.

Bí ẹyin ti í dì nínú omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń ba ètò pùrótéènì jẹ́. ('Amúaradàgbà' tọ́ fún oúnjẹ, kò tó fún èyí tí ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì.) Ìdáhùn sẹ́ẹ̀lì pín sí ọ̀nà mẹ́ta:

1. Pùrótéènì aláàbò, bí HSP70, a di àwọn tí ó bàjẹ́ mú, a sì tún wọn tò. Àkíyèsí Ritossa lára eṣinṣin kékeré kan, ní ọdún 1962, ni ó ṣínà ìmọ̀ yìí.
2. Pùrótéènì adènà-ikú, tí à ń pè ní IAP, a máa so ọwọ́ caspase, èyí tí í ṣe ẹ́ńsáìmù agésẹ́ẹ̀lì.
3. Bí ìbàjẹ́ bá kọjá àtúnṣe, mitokọ́ńdíríà a fi àmì ikú ránṣẹ́, caspase a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Ọ́yísítà etí òkun Pàsífíìkì, tí oòrùn ń pa nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, fi èyí hàn kedere. Nígbà tí a tẹ àkójọ jíìnì rẹ̀ jáde ní ọdún 2012, jíìnì HSP70 rẹ̀ jẹ́ 88, ti ènìyàn sì tó 17. Ti IAP jẹ́ 48, ti ènìyàn sì jẹ́ 8. Ìbátan ọ́yísítà ni ìgbín, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí á yá iye wọ̀nyí fún un.

Atúmọ̀ tí ó bá lo 'ìpara-ẹni' ti mú ẹ̀bi wọ inú ọ̀rọ̀. 'Ikú àyànmọ́' sì sọ pé kò ṣeé yẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni IAP lè dá a dúró. 'Ikú ìwọ́wé' bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe méjèèjì. Kí olùkọ́ ṣáà fi kún un pé ilẹ̀ ni ewé ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni í gbé sẹ́ẹ̀lì tí ó kú mì.