Ilé tí Ọmọ àti Òbí Jùmọ̀ Rà

Nígbà tí orúnkún òbí kò bá gbé àkàsọ̀ mọ́, ọmọ rere a máa ronú àti mú wọn sọ́dọ̀. Òmíràn a da owó ìfẹ̀yìntì bàbá pọ̀ mọ́ owó oṣù tirẹ̀, wọn a sì fi ra ilé kan. Èrò náà dára púpọ̀. Ìwé rẹ̀ ni a kì í sábà ṣe bí ó ti yẹ.

Orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé náà? Bí ó bá jẹ́ ti bàbá nìkan, tí bàbá sì kú láìkọ ìwé bí a ó ti pín ogún rẹ̀, ilé náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu ti Èkó, ilé-ẹjọ́ fi ìdí-igi múlẹ̀ ní 1958, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ ti Ọbabìnrin ní Lọ́ndọ̀nù sì gbà bẹ́ẹ̀ ní 1962: ìyàwó mẹ́ta, ìpín mẹ́ta, ìbá à ṣe ọmọ kan ni ọ̀kan bí, kí èkejì bí mẹ́fà. Ọmọ tí ó fi owó tirẹ̀ kún un, tí ó sì ti ń wẹ bàbá láti ọdún mẹ́jọ, lè bá ara rẹ̀ nínú ìpín kékeré bí kò bá ní ẹ̀rí owó rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ ọmọ nìkan, tí ọmọ ṣáájú kú (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!), àwọn arúgbó lè di àlejò nínú ilé tí wọ́n fi owó ogbó wọn rà.

Nítorí náà, kí agbẹjọ́rò kọ orúkọ àwọn méjèèjì, àti iye tí olúkúlùkù san. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fẹ́ kí Gómìnà fi àṣẹ sí títà ilé ìgboro. Ìyá tí kò mọ̀wé, kí a ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá kí ó tó tẹ̀ka, kí àwọn ọmọ yòókù sì gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó láàárín bàbá àti ọmọ a máa tini lójú, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò ju ọjọ́ kan lọ.

Yàrá àgbà kí ó wà nísàlẹ̀, kí ilé ìyàgbẹ́ má jìnnà sí i. Ilẹ̀ tí ó ń yọ̀ ni ọ̀tá arúgbó: ìṣubú kan lè ṣẹ́ egungun ìbàdí, ọ̀pọ̀ kì í sì í rìn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Kí a kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí iná kékeré máa tàn lóru.

Bí ọ̀kan bá di ẹni tí kò lè dìde, a ní láti máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, kí egbò má baà yọ sí i ní ìdí àti ẹ̀yìn. Ta ni yóò ṣe é? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàwó ilé ni, ẹni tí a kò pè nígbà tí a ń ra ilé. Kí ó jókòó níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ìwé náà, kí a sì béèrè ohun tí agbára rẹ̀ gbé lọ́wọ́ rẹ̀.