Ẹni Tí Kò Nílé, Èèyàn Ni

Ẹ wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tó ń sùn lábẹ́ àtíbàbà ọjà. Ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ní ọdún 2013, ìjọba ka gbogbo èèyàn Bẹ̀nẹ̀. A jẹ́ 10 008 749. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń kà wá. Ẹni tí kò ní ojúlé ńkọ́? Ibi tó ń sùn la ti ń kà á, ní òru. Ẹni tí a kò bá kà, a ó gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kò tó. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ti ṣe iṣẹ́ lílẹ táyà ní Côte d'Ivoire, bẹ̀rẹ̀ sí kó irú wọn kúrò ní ìgboro ní àwọn ọdún 1990. Àwọn tí wọ́n dè mọ́ igi, ó tú wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint-Camille, dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Avrankou, Bohicon àti Djougou. Wọ́n ń fún wọn lóògùn, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n sì ń mú wọn padà fún ẹbí.

Bí ẹbí bá kọ̀ wọ́n, ọjà ni wọn yóò padà sí. Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ ẹni náà àti ìlú rẹ̀. Ẹ ti mọ̀wé: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá olórí ìlú àti nọ́ọ̀sì.