Ta Ló Ń Wọn Dókítà?



Ní ọjọ́ kan tí a ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń tọ́ ọmọ òrukàn, ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Wọ́n wo dókítà tó ń kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ní kí n dín ọ̀rá kù, mo gbọ́. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń wọn tìẹ?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò rí i kó gun òṣùwọ̀n.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ló kan ìwé ìròyìn sàká àti ìtọ́jú ọmọ òrukàn nínú ikùn dókítà. Ó kàn wá gan-an. Àwọn dókítà tó ń bá wa wo àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, àkókò ìsinmi wọn ni wọ́n fi ń ṣe sàráà. Àwọn náà ní ọmọ nílé. Bí ọkàn ọ̀kan nínú wọn bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, àwọn ọmọ tó ń tọ́jú yóò pàdánù rẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà yóò sì di ọmọ òrukàn.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó mọ oògùn àrùn kò lè kó àrùn náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ju ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í fi ara ṣiṣẹ́ tó. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan wà tó jẹ́ pé dókítà ọkùnrin nìkan ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ju 22,000 lọ, ọdún 1982 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di 2009, wọ́n ṣe ìṣirò ti 21,094 nínú wọn. Àwọn tó sanra díẹ̀ ju bó ṣe yẹ fi nǹkan bí ìlàjì ju àwọn tí ara wọn fúyẹ́ lọ nínú ewu kí ọkàn má lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ti àwọn tó sanra gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Dókítà ni gbogbo wọn o, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì gbà wọ́n. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Báwo ni ọ̀rá ṣe ń ṣe ọkàn níbi? Ẹ wo mẹ́ruwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri àdúgbò wa. Bí a bá ń fi kéègì kún ẹrù rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ojú ọ̀nà náà sì ń há sí i, yóò kọ́kọ́ ki apá, ènìyàn á rò pé ó ń lágbára sí i ni. Nígbà tó bá yá, apá náà á rẹ̀ ẹ́. Bí ọkàn ṣe rí nìyẹn. Ó ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́, kì í sinmi. Ọ̀rá tó léwu jù ni èyí tó wà nínú ikùn, tó rọ̀gbà yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Òun ló ń ti ìfúnpá sókè, tó ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má gbọ́ràn mọ́, tó sì ń bá wọn dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹran ọkàn á nípọn, lẹ́yìn náà á rọ. Ìhanrun burúkú, tí èémí ń dá dúró lójú oorun, wà lára rẹ̀. Ìyàwó dókítà ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkúgbé darí jábọ̀ ní 1997 pé ó ju ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó ní in, 160/95 ni wọ́n sì fi ṣe ààlà nígbà náà. Lónìí, 140/90 ni ọ̀pọ̀ ń lò, èyí tó já sí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wá dé tí dókítà fi wà nínú ewu tó bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́ ni ìjókòó. Ní 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris fi àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú Lọ́ńdọ̀nù wéra. Dírẹ́bà tó jókòó látàárọ̀ ń ní àìsàn ọkàn ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ. Nígbà tó tún wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún wọn, ìbàdí tàwọn dírẹ́bà ló fẹ̀ jù. Dókítà Àpápá dírẹ́bà ni lọ́nà méjì. Ó jókòó sórí àga títí tí àwọn aláìsàn fi tán, ó tún wá jókòó sínú ọkọ̀. Ẹni tó mọ Àpápá mọ ohun tí à ń wí. Kó tó di 2021 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè tírélà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tírélà lè gba gbogbo ojú ọ̀nà wọ́ọ̀fù, kí ènìyàn lo wákàtí mélòó kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó máa ra Gala àti mínírà láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Èkejì ni àìsùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé sọ ní 2021 pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ nínú ewu rọpárọsẹ̀. Ní oṣù September 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní LUTH ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ ní wákàtí 72 ló ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́. A kò sọ pé ọ̀rá ló pa á. Ohun tí à ń wí ni pé ara tí kò sùn a máa wá oúnjẹ kiri, ohun dídùn àti ohun díndín ló sì máa ń wá.

Ọwọ́ àwa náà kò mọ́. Níbi wòlímọ̀, níbi nìkáhì, níbi ìsọmọlórúkọ, àwo dókítà ni ẹran ń pọ̀ sí jù. Bí dókítà bá rù, a ó máa sọ pé owó kò wọlé ni. Bí ikùn rẹ̀ bá yọ, a ó ní ayé ti gbà á. Ìfẹ́ ni a pè é, ṣùgbọ́n ó ti tó kí á wò ó dáadáa.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí á pín ikùn sí mẹ́ta, kí ìdá kan jẹ́ ti oúnjẹ, ìdá kan ti omi, ìdá kan ti èémí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Abdullahi ọmọ Amr ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń fi gbogbo òru kírun, wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ìjọsìn ni Abdullahi ń ṣe o, síbẹ̀ wọ́n ní kó rọra. Dókítà tó ń fi òru rẹ̀ gba ẹ̀mí là lè fi ti Abdullahi wo ara rẹ̀.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n nílé, kó mú okùn tó gùn tó òun láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, kó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó fi yí ìbàdí ká lókè ìdodo díẹ̀. Bí etí okùn méjèèjì kò bá kan ara wọn, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀ jù. Okùn yìí kò mọ dókítà yàtọ̀ sí mẹ́ruwà. Ẹni tó bá ti ń sanra bọ̀ fún ogún ọdún kò lè bọ́ ọ sílẹ̀ lóṣù kan, ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ kírun, kó fi omi rọ́pò mínírà, kí ó sì jẹ́ kí dókítà mìíràn máa yẹ ìfúnpá òun wò, nítorí ẹni tó bá ń wo ara rẹ̀ a máa dárí ji ara rẹ̀.

Láti ìgbà àyẹ̀wò tó ń bọ̀, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n kí wọ́n tó wọn ẹnikẹ́ni. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ó fi ṣe wọ́n lálejò, kì í ṣe ìrẹsì ẹlẹ́ran. A nílò òṣùwọ̀n tuntun kan àti ẹ̀rọ ìfúnpá kan. A kò ní fọwọ́ kan owó sàká fún èyí, nítorí Àlùkùráánì ti ka ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súrátù Taobà. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kó sọ fún akápò pé sàráà ni. Ìyá àgbà yẹn ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí àwọn tó dé.