Òkè, Omi àti Orúnkún: Ìrìn Oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú fún Tọkọtaya Àgbà

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ẹsẹ̀ kì í gbèrò lórí òkè Ìdànrè: nígbà ọdún Àjíǹde, àti láti Kérésìmesì wọ ọdún tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ a gbé ẹ̀rọ orin wá, àwọn ọmọ iléèwé a tò gba orí àtẹ̀gùn kan, ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún a wá máa gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Tọkọtaya tó ti fẹ̀yìntì, tí kò sí ọ̀gá tó ń ka ọjọ́ ìsinmi fún wọn mọ́, kò níṣẹ́ láàárín èrò bẹ́ẹ̀. Àsìkò tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà, ìyẹn oṣù kẹwàá, ó sì dé àárín oṣù Bélú tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ló dára jù.

Òjò ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Lásìkò yìí, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n omi ṣì kún inú odò. Ẹni tó bá dúró di Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà yóò bá ìtàkìtì omi tó ti rù. Ẹni tó bá lọ ní Òkúdù tàbí Ọwẹ́wẹ̀, àpáta yóò máa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ilá. Bó bá di Ọ̀pẹ sí Ṣẹ́rẹ́, eruku ọyẹ́ a bo gbogbo òkè, ìwọ̀nba tó wà nítòsí nìkan lojú yóò rí. Àwọn kan fẹ́ràn ìgbà tí òjò máa ń dákẹ́ díẹ̀ nínú oṣù Ògún, kò sì burú, àmọ́ ìdákẹ́ náà kò ní déètì. Àwọn ọmọ iléèwé sì wà nílé nígbà náà.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún nínú àsìkò yìí: òjò ìparí ọdún kì í wá jẹ́jẹ́. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń dé, pẹ̀lú ìjì àti àrá, orí àpáta gbalasa kì í sì í ṣe ibi tí àrá yẹ kó ti bá àgbàlagbà. Àárọ̀ ni kí ẹ gun òkè. Tí sánmà bá ti ń ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ní ó ku díẹ̀.

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn gbéra yóò gba Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, nǹkan bíi igba kìlómítà. Ẹ sùn sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹ má ṣe ohunkóhun mìíràn. Ìdànrè kò jìnnà síbẹ̀ mọ́, àárọ̀ kejì lẹ óò lọ, kí ẹsẹ̀ ṣì ní agbára.

Ẹ̀gbẹ́ títì Ìdànrè nìkan tó ìran wò lásìkò yìí. Àsìkò kòkó gan-an ni. Wọ́n á ti sá a sórí ẹní àti sórí sìmẹ́ńtì, ìyá kan á máa fi ẹsẹ̀ lásán tú u ká kí oòrùn lè kàn án dọ́gba, òórùn kíkan rẹ̀ á sì wọnú ọkọ̀ kí ẹ tó rí i. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí àwọn kan máa ń sá tiwọn dé etí títì.

Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600, wọ́n sì kọ́ ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ẹ jókòó ní gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin ló sábà máa ń ní kò rẹ òun. Kí Ìyá má gbà fún un. Lókè lẹ óò ti rí ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bíi ọdún 1920 sí 1930: ààfin Ọwá tòun ti òpó rẹ̀, ilé ẹjọ́, iléèwé. Láti 2007 ni orúkọ òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọdún Òròsùn, ìyẹn ọdún ìbílẹ̀ àwọn ará Ìdànrè, oṣù Èbìbí ni kó padà wá, kó sì mọ̀ pé èrò ni yóò bá.

Àwọn arìnrìn-àjò tuntun a máa rò pé gígùn ló le. Irọ́ ni. Sísọ̀ ló ń pa orúnkún, nítorí iṣan itan ló ń fa gbogbo ara sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ọ̀pá dání, ẹ di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú níbi tó bá wà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ bí ó bá ga jù. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀ lemọ́lemọ́ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó gbéra, kó sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ gba amọ̀nà lẹ́nu géètì. Owó níná nínú àpò dára ju káàdì lọ, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa ṣe bó ṣe wù ú.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ padà sí ọ̀nà Iléṣà, kí ẹ yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ipele méje ni ìtàkìtì omi Olúmirìn ní. Ipele kìíní tó yín. Ariwo omi á ti gba etí yín, ìrì rẹ̀ á sì ti tú sí yín lójú kí ẹ tó débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé òkè pátápátá, níbi tí abúlé Abáké wà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Láti Ìwáràjà lẹ óò yà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kí ẹ lè dé Ìkọ́gòsí. Títì náà ń yí kọ́lọkọ̀lọ láàárín òkè, ó sì ga. Tí ẹ bá ń sọ̀, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kí bíréèkì má baà gbóná. Ẹ ti yẹ wáípà àti táyà wò kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìkọ́gòsí ni mo fi sí ìgbẹ̀yìn, torí orúnkún ni. Orísun omi gbígbóná ibẹ̀ tó nǹkan bíi 70°C, àmọ́ tó bá pàdé omi tútù tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọlẹ̀ sí nǹkan bíi 37°C. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ẹ lè ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ gbígbóná, kí ẹ ti òsì bọ tútù. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru má pẹ́ jù nínú èyí tó gbóná, kó má sì dìde lójijì, òòyì lè kọ́ ọ. Ẹ sùn síbẹ̀. Bí agbára bá ṣẹ́kù lọ́jọ́ kẹrin, ìtàkìtì omi Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà.

Ọ̀rọ̀ ajínigbé kò ṣeé fi pamọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ inú gáréèjì, ẹ má gba ti ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tí wọ́n bá ní kò dára, ẹ sún un síwájú, Bélú ṣì gùn. Oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù lásìkò yìí, nítorí náà kí aago mẹ́rin má bá yín lójú títì. Ẹ sọ ibi tí ẹ óò sùn fún ọmọ kan nílé, kí ẹ sì pè é ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé.