Ẹsẹ̀ Ló Ń Gbá Bọ́ọ̀lù, Ìwé Ló Ń Pa Ògo Mọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Bert Patenaude

Bí a bá ní kí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbá góòlù mẹ́ta wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ní ìdíje Ife Àgbáyé, ọ̀pọ̀ ni yóò wá orúkọ náà lọ sí Argentina, Brazil tàbí Uruguay. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò ronú kan Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni. Bert Patenaude ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó ṣe é ní ìlú Montevideo lọ́jọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1930, tí Amẹ́ríkà fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Paraguay. Àmọ́ àjọ FIFA kò kéde pé òun ló ni ipò kìn-ín-ní yìí títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2006, nígbà tí ó ti pé ọdún 32 tí Patenaude ti kú. Ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló ń gbé ògo rẹ̀ dúró. Bó bá ti kúrò lórí pápá, ọwọ́ líìgì tó ti gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ àjọ tó ń ṣàkóso rẹ̀ àti ọwọ́ àwọn tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ni ògo yẹn ń bọ́ sí. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró dáadáa, ẹni tó ṣe bẹbẹ á dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìlú Fall River ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n ti bí Patenaude, lọ́jọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1909. Ìlú àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni. Òwú ló sọ ọ́ di ìlú ńlá, òwú náà ló sì fa àwọn òṣìṣẹ́ wá síbẹ̀ láti England, Scotland, Ireland, Portugal àti láti apá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé ní Kánádà. Láàárín àwọn ará Kánádà elédè Faransé yìí ni ìdílé Patenaude ti ṣẹ̀. Àwọn àlejò wọ̀nyí kó bọ́ọ̀lù wá pẹ̀lú ẹrù wọn, àwọn ọmọ wọn sì dàgbà sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá líìgì American Soccer League sílẹ̀ ní ọdún 1921, àwọn ìlú ilé-iṣẹ́ báyìí ló gbé e ró. Ilé-iṣẹ́ irin ló ni ikọ̀ Bethlehem Steel, ilé-iṣẹ́ òwú ìránṣọ ló sì ni ikọ̀ J. & P. Coats. Ní Fall River, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Sam Mark ló ra ikọ̀ ìlú náà, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Marksmen. Nítorí pé òfin Massachusetts kò fàyè gba eré ìdárayá olówó lọ́jọ́ Ìsinmi, ó kọ́ pápá ìṣeré tirẹ̀ sí Tiverton, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà, nínú ìpínlẹ̀ Rhode Island. Ẹni tó lè náwó sórí pápá lọ́nà yìí mọ̀ dájú pé èrò yóò wá wòran, wọ́n á sì sanwó kí wọ́n tó wọlé.

Inú líìgì yìí ni Patenaude ti di atamátàsé tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ọdún 1928 ló bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi padà sílé láti wọ aṣọ Marksmen. Ikọ̀ tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ikọ̀ yẹpẹrẹ rárá. Wọ́n ti gba ife líìgì léraléra, wọ́n sì ti gba ife Open Cup, ìyẹn ìdíje tí gbogbo ikọ̀ Amẹ́ríkà lè bá ara wọn du, ní ọdún 1924 àti 1927. Ní 1930 wọ́n tún gbà á, Patenaude sì wà níbẹ̀. Ní 1931, lẹ́yìn tí Mark ti kó ikọ̀ náà lọ sí New York tó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí New York Yankees, Patenaude gbá góòlù márùn-ún wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá ìdíje yìí, tí wọ́n fi 6 sí 2 na ikọ̀ Bricklayers láti Chicago. Ní 1935, ó tún gba ife yìí kan náà pẹ̀lú Central Breweries, ikọ̀ ìlú St. Louis. Ẹni tó gba ife tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìlú tó jìnnà síra wọn báyìí kì í ṣe ẹni tí oríire ṣèèṣì ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ní Montevideo. Góòlù gbígbá ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì.

Ìdíje Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ ni ti 1930, orílẹ̀-èdè 13 ló sì wá sí Uruguay. Lọ́jọ́ 13 oṣù Keje, Amẹ́ríkà na Belgium ní góòlù mẹ́ta sí òdo, Patenaude ló sì gbá ẹ̀kẹta wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n kojú Paraguay ní pápá Parque Central. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tí FIFA tẹ́wọ́ gbà báyìí, ìṣẹ́jú kẹwàá ni Patenaude gbá ti àkọ́kọ́ wọlé, ó gbá èkejì ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, ó sì gbá ẹ̀kẹta kété lẹ́yìn ìsinmi. Báyìí ni Amẹ́ríkà ṣe wọ ìpele tó ṣáájú àṣekágbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wọn. Níbẹ̀ ni Argentina ti fi 6 sí 1 nà wọ́n lọ́jọ́ 26 oṣù Keje. Raphael Tracey, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ikọ̀ Amẹ́ríkà, kán lẹ́sẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tó fàyè gba fífi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó fara pa láyé ìgbà yẹn. Góòlù mẹ́rin ni Patenaude fi parí ìdíje yìí.

Báwo wá ni góòlù mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú rí ṣe di ohun àríyànjiyàn? Kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, kò sí tẹlifíṣọ̀n, àwọn oníròyìn tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kò fi bẹ́ẹ̀ dá àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀. Góòlù kejì ló fa wàhálà. Àwọn kan kọ ọ́ mọ́ Patenaude lórúkọ, àwọn kan ní Tom Florie tó jẹ́ balógun ikọ̀ ló gbá a, àwọn mìíràn sì ní agbábọ́ọ̀lù Paraguay kan ló ṣèèṣì gbá a sílé ara wọn. Nítorí èyí, Guillermo Stábile ti Argentina, tó gbá góòlù mẹ́ta sínú àwọ̀n Mexico lọ́jọ́ 19 oṣù Keje, ìyẹn ọjọ́ méjì lẹ́yìn Patenaude, ni ìwé ìtàn gbé ipò kìn-ín-ní fún. Stábile kò jẹ̀bi ohunkóhun. Òun ló gbá góòlù jù ní gbogbo ìdíje náà, mẹ́jọ gbáko. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Argentina ní ìwé ìròyìn bọ́ọ̀lù, ní líìgì tó ń bá a lọ àti àjọ tó dúró, tó sì ń sọ ìtàn àwọn ọmọ rẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù kò gbàgbé Patenaude, nítorí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà ní 1971, nígbà tó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ohùn wọn kò jìnnà dé òkè òkun. Ọdún 1974 ló kú, lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún 65 gan-an.

Ohun tó pa ohùn yẹn lẹ́nu mọ́ ni pé líìgì tó yẹ kó máa sọ ìtàn yìí ti wó. Ní 1928, àwọn aláṣẹ American Soccer League àti àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà kọlu ara wọn. Líìgì ní kí àwọn ikọ̀ rẹ̀ má ṣe bá wọn kópa nínú Open Cup mọ́. Bethlehem Steel àtàwọn ikọ̀ méjì mìíràn kò gbọ́, líìgì sì lé wọn dànù. Àjọ náà fún líìgì ní ìwé ìdádúró, ó sì ti líìgì mìíràn lẹ́yìn láti bá a figagbága. Oṣù Kẹwàá ọdún 1929 ni wọ́n parí ìjà, nínú oṣù yẹn kan náà ni ọjà ìdókòwò New York sì dojú dé. Owó ti bá ìjà lọ, èyí tó kù sì bá ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ Fall River, tí nǹkan ti ń dojú rú fún ṣáájú àkókò yẹn, kò lè gbé ikọ̀ ńlá mọ́. Nígbà tó fi máa di 1933, líìgì náà ti kógbá sílé. Òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára àti òkìkí rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ikọ̀ tí kò lágbára ni wọ́n nà ní 1930, nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ńlá Yúróòpù kò wá. Òótọ́ ni pé wọn kò wá. Àmọ́ Paraguay kì í ṣe ikọ̀ tí à ń fojú tín-ín-rín. Ní 1929, ọdún kan ṣáájú, ipò kejì ni wọ́n ṣe nínú ìdíje ilẹ̀ South America, wọ́n sì fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Uruguay níbẹ̀, Uruguay tó ti gba ife-ẹ̀yẹ Olympic lẹ́ẹ̀mejì tó sì wá gba Ife Àgbáyé yìí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ikọ̀ báyìí pàdé tó sì dá góòlù mẹ́ta sí wọn nínú àwọ̀n kò jí ògo ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn a máa sọ pé ará Britain tí wọ́n fowó rà ló kún inú ikọ̀ Amẹ́ríkà. Èèyàn mẹ́fà nínú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n bí ní Britain lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo, George Moorhouse, ló ti gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì olówó níbẹ̀ kó tó ṣí wá. Inú líìgì Amẹ́ríkà ni àwọn yòókù ti dàgbà di ọ̀jáfáfá. Ní ti Patenaude àti Billy Gonsalves, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti erékùṣù Madeira, agbègbè Fall River yìí ni àwọn méjèèjì ti mọ bọ́ọ̀lù.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní ẹ̀rí góòlù kejì kò tíì dá gbogbo èèyàn lójú títí di òní. Mo gbà pé iyèméjì wà. Ṣùgbọ́n iyèméjì yẹn kò já iyàn mi ní koro, ńṣe ló gbè é lẹ́yìn. Ẹ wo góòlù tí Rashidi Yekini, ọmọ Yorùbá, gbá sínú àwọ̀n Bulgaria ní Dallas lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé. Kò sí ẹni tó lè gbé e fún ẹlòmíràn láé, nítorí kámẹ́rà rí i, nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí kan náà ló ti ṣẹlẹ̀, nínú ìdíje tí wọ́n gbé fún Amẹ́ríkà pẹ̀lú àdéhùn pé yóò dá líìgì olówó sílẹ̀. Líìgì náà bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ọ̀pọ̀ sì kà á sí pé ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù olówó ń dé ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ Patenaude ti fi iṣẹ́ yìí jẹun ní ọdún bíi àádọ́rin ṣáájú.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè pé àǹfààní wo ni ìkéde 2006 ṣe fún òkú, ìdáhùn àwọn àgbà ni pé yinni yinni, kẹ́ni ó ṣèmíì. Àwọn alààyè ni ìyìn ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọdé tó bá mọ̀ pé wọ́n máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ti rí, yálà ó wá láti ìlú ńlá tàbí ìlú kékeré, mọ̀ pé làálàá òun kò ní já sásán. Nítorí náà, ojúṣe ẹni tó ń ṣètò ìdíje, ìbáà jẹ́ ti àgbáyé tàbí ti àdúgbò, kò parí nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn. Kí ó kọ orúkọ àwọn tó gbá góòlù àti ìṣẹ́jú tí wọ́n gbá a, kí ó fi ìwé náà pamọ́ síbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i, kí àwọn aláṣẹ má sì jẹ́ kí ìjà ipò tú ilé tí ìwé náà wà ká. Àwọn tó ṣe èyí fún Stábile ṣe ohun tó tọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún Patenaude nígbà tó wà láàyè náà nìyẹn.