Imí gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Mímọ Ìpayà Ẹranko Láìfọwọ́ Kàn Án

Ọdẹ tí ó mọṣẹ́ kì í wo ojú ẹsẹ̀ ẹran nìkan. Ó ń wo imí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí imí náà bá ṣì tutù, ó mọ̀ pé ẹran náà kò tí ì rìn jìnnà. Bí kóró èso bá wà nínú rẹ̀, ó mọ ohun tí ó jẹ. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ti gba ọ̀nà kan náà dé ibi tí ojú lásán kò lè dé. Láti inú imí, wọ́n ń mọ̀ bóyá ẹranko wà nínú ìpayà tàbí bóyá ó lóyún.

Họ́mọ̀nù ni ó ń sọ èyí fún wọn, ìyẹn àwọn èròjà tí ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yà mìíràn. Nígbà tí ewu bá dé, ẹ̀yà kékeré tí ó wà lórí kíndìnrín a tú họ́mọ̀nù bíi cortisol jáde, kí ara lè rí agbára fi sá tàbí fi jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ẹranko igbó ní láti kọ́kọ́ mú un, mímú yìí gan-an a sì sọ cortisol di púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ó wá wọ̀n a wá di ohun tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀.

Imí kò ní irú àléébù yìí. Nígbà tí họ́mọ̀nù bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ a yí i padà. Apá kan a bá ìtọ̀ lọ, apá kan a gba inú òróòro bọ́ sínú ìfun, a sì bá imí jáde. Ìrìn yìí ń gba wákàtí díẹ̀ lára àwọn ẹranko kan, ó sì lè ju ọjọ́ kan lọ lára àwọn mìíràn. Nítorí náà, imí kì í sọ nípa ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Àròpọ̀ ohun tí ojú ẹranko rí fún wákàtí púpọ̀ ni ó ń sọ.

Ní Bay of Fundy, ní ìlà-oòrùn Kánádà, ọ̀nà yìí ṣe ohun tí ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe. Àwọn àbùùbùtán tí à ń pè ní right whale máa ń jẹun níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ni ó kù nínú irú wọn ní Àríwá Àtìláńtíìkì, kò sì sí ẹni tí ó lè fa ẹ̀jẹ̀ wọn bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n imí wọn máa ń léfòó, òórùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ajá tí a kọ́ lè gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀. Rosalind Rolland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó imí yìí jọ nígbà tí ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2001 wáyé ní Amẹ́ríkà. Ìrìn ọkọ̀ ojú omi dínkù, ariwo abẹ́ omi sì fi 6 decibel wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi imí ọdún náà wé ti àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé họ́mọ̀nù ìpayà lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà ní ọdún 2001 nìkan. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2012. Ó fi hàn pé ariwo ọkọ̀ tí ó ti di ohun ojoojúmọ́ lè jẹ́ ìnira tí kò dáwọ́ dúró fún àwọn ẹranko wọ̀nyí.

Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí yìí nílò ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí inú imí kì í sinmi lẹ́yìn tí imí bá jáde, nítorí náà ó yẹ kí a tètè fi í sínú yìnyín tàbí ọtí líle. Irú ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ara rẹ̀ gbà ń yí họ́mọ̀nù padà, a sì gbọ́dọ̀ dán òṣùwọ̀n wò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, họ́mọ̀nù ìpayà tí ó pọ̀ kì í ṣe àmì ibi nígbà gbogbo: aboyún àbùùbùtán àti akọ tí ó ti dàgbà ní i ju àwọn yòókù lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń wọ̀n họ́mọ̀nù oyún àti ti akọ pọ̀ mọ́ ọn, kí a má baà ka oyún sí ìpayà.